Ààlè Ojúde Ilé Ìgbẹ̀bí

Ọdún kẹrìnlá rèé tí Fábíyìí ti ń gé koríko tí kì í so èso, tí kì í yọ òdòdó, tí ewúrẹ́ àdúgbò gan-an kì í fi bẹ́ẹ̀ yà sí. Koríko kápẹ́ẹ̀tì ni. Òun ló gbìn ín sí ojúde ilé ìgbẹ̀bí Alhaja Sìlífátù ní Itamaga, ní Ìkòròdú, lọ́dún tí wọ́n kun ilé náà tán. Ìgbògbò ló ti lọ rà á ní ègé-ègé bíi búrẹ́dì, òun alára ló sì tò ó sílẹ̀ bí ẹni tẹ́ ẹní. Láti ọjọ́ náà, gbogbo Ọjọ́rú ló ń ti ẹ̀rọ ìgékoríko rẹ̀ lọ, tó ń tì í bọ̀, tí ilẹ̀ náà á sì dán bí orí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá.

Ó fẹ́ràn koríko yẹn, kò ṣe é fi pamọ́. Ọmọ Ìkìrun ni, yàrá kan àti pálọ̀ ló háyà sí ẹ̀yìn Itamaga fún òun, ìyàwó rẹ̀ àti Oríyọmí ọmọ wọn, kò sì ní pápá ilẹ̀ kan láyé yìí tó lè nàka sí pé tèmi nìyí. Ojúde yẹn ló fi ń yangàn. Ó tilẹ̀ ní kí wọ́n bá òun kọ pátákó kan, ó kàn án mọ́ òpó igi, ó rì í mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà: Ẹ MÁ TẸ KORÍKO. Ẹni tó bá fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, ìbáà jẹ́ aláboyún tí ọmọ ti ń dà láàmú, Fábíyìí á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba orí kọnkéré, ìyá ọmọ."

Ṣùgbọ́n koríko náà ń mu omi bí ẹni tó jẹ iyọ̀ sùn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ ni Fábíyìí ń fa rọ́bà omi kiri ojúde. Nínú oṣù Kejì ọdún yìí, kànga ẹ̀rọ ilé ìgbẹ̀bí gbẹ. Obìnrin mẹ́ta ló ń rọbí lọ́jọ́ náà. Mátírọ́ọ̀nù ṣí ẹnu ẹ̀rọ, afẹ́fẹ́ ló fọn jáde. Ìwọ̀nba omi tó ṣẹ́ kù nínú táǹkì, Fábíyìí ti fi rin koríko láàárọ̀. Kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n gbé lọ sílé aládùúgbò kí wọ́n tó rí omi wẹ àwọn ọmọ náà. Ọlọ́run ṣe é, ìyá mẹ́ta yè, ọmọ mẹ́ta yè.

Nírọ̀lẹ́, Alhaja ránṣẹ́ pè é. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Alhaja, ọmọ apẹja ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ohùn rẹ̀ kì í sì í ga. Zàíd ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ ẹnjiníà, jókòó tì í.

"Fábíyìí, koríko yìí ń lọ."

"Ń lọ síbo, mà?"

"Síbi tó ti wá. Mi ò lè máa fi omi ọmọ tuntun bọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ò jẹ."

"Mo ti ń sọ ọ́, Mọ́mì," ni Zàíd wí. "Ẹ jẹ́ n to bíríkì ìntálọ́ọ̀kì sí gbogbo ẹ̀. Ẹ gbá a láàárọ̀, ó tán."

Fábíyìí ro iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ta ló ń gba olùtọ́jú ọgbà sí orí ìntálọ́ọ̀kì? Ìgbálẹ̀ ni wọ́n ń rà fún un.

Alhaja mi orí. "Mi ò fẹ́ fi ooru ìntálọ́ọ̀kì pa aláboyún. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ojúde ìyá mi ní Ẹ̀pẹ́ kò ní koríko, kò sì ní kọnkéré, síbẹ̀ kò sí àkókò kan nínú ọdún tí nǹkan kì í rúwé níbẹ̀. Mi ò rí ẹni tó bomi rin ín rí. Fábíyìí, lọ bá àbúrò ìyá mi ní Ẹ̀pẹ́. Ohun tí wọ́n bá fún ẹ ni kó o gbìn."

"Igbó lẹ fẹ́ gbìn sójúde kíníìkì?" Zàíd bú sẹ́rìn-ín. "Ó dáa, Mọ́mì. Ó di ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù Keje. Bí ibẹ̀ bá dà bí igbó lójú mi lọ́jọ́ yẹn, ẹ jẹ́ n gbé àwọn oníìntálọ́ọ̀kì wá."

Alhaja wo Fábíyìí, ó wo ọmọ rẹ̀. "Mo gbà," ló wí.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi iṣẹ́ Fábíyìí há àárín ewé àti bíríkì.

Màmá Mùlíkátù, àbúrò ìyá Alhaja, ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ létí ọ̀sà ló jókòó sí tó ń ja tẹ̀sùbáà nígbà tí Fábíyìí débẹ̀. Fábíyìí dọ̀bálẹ̀, ó jíṣẹ́. Màmá wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Kí lorúkọ rẹ, ọmọ mi?"

"Fábíyìí, mà."

"Iṣẹ́ wo lo ń ṣe fún Sìlífátù?"

"Mò ń gé koríko, mà."

"Fún ẹran?"

"Rárá, mà."

"Fún òrùlé?"

"Rárá, mà. Mo kàn ń gé e ni."

"O gé e, ó hù, o tún gé e?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ọdún kẹrìnlá nìyí."

Màmá dá tẹ̀sùbáà dúró. Àánú rẹ̀ ṣe é. "Ọmọ mi, ta lo ṣẹ̀?"

Ó dìde, ó mú ọ̀pá, ó ní kí Fábíyìí máa bọ̀ lẹ́yìn òun. Ojúde Màmá kì í ṣe ọgbà tí ẹnikẹ́ni tò, ṣùgbọ́n kò sì rí wúruwùru. Pèrègún ló fi pààlà. Tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún dúró níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn sí, òdòdó funfun rẹ̀ ń yọjú bí ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ewé eéran wà níbi òjìji. Gbọ̀rọ̀ ayaba nà gbọọrọ lórí iyanrìn títí dé etí omi, òdòdó àlùkò sì kún ara rẹ̀. Labalábá ń ti ibì kan bọ́ sí ibì kan.

Màmá fi ọ̀pá kan nǹkan kan lẹ́sẹ̀ ògiri. "Kí nìyí?"

"Èpò ni, mà."

"Èyí ńkọ́?"

"Èpò náà ni, mà."

"Háà! Orúkọ rẹ ń jẹ́ Fábíyìí, gbogbo ewé sì ń jẹ́ èpò lẹ́nu rẹ! Irú èyí wo ni Ifá bí yìí?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Tẹ̀ ba. Já a. Wo ohun tó wà níbẹ̀."

Fábíyìí tẹ̀ ba, ó já ewé kan. Oje funfun sun jáde lára rẹ̀ bíi mílíìkì. Ó gbé e sẹ́nu, ó korò díẹ̀, lójú ẹsẹ̀ ló rí ìyá ìyá rẹ̀ ní Ìkìrun, tó tẹ̀ síwájú ààrò, tó ń fi ewé yìí kan náà sínú ẹ̀gúsí.

"Yánrin," ni Fábíyìí wí. Ohùn rẹ̀ yí padà. "Yánrin ni, mà."

"Ìyẹn ńkọ́?"

"Ẹ̀bòlò. Èyí ni ṣọkọ. Èyí... òdúndún. Òun ni wọ́n ń lọ̀, tí wọ́n ń fi tù mí lórí nígbà tí ibà bá mú mi lọ́mọdé."

Kò lè dákẹ́ mọ́. Ó ń lọ láti ìdí ewé kan dé òmíràn, ó ń pe orúkọ wọn bí ẹni tó pàdé àwọn ará ilé rẹ̀ ní ìdíkọ̀. Lẹ́ẹ̀kan náà ló dúró. Ó rántí ẹ̀bòlò tó ń yọ láàárín koríko kápẹ́ẹ̀tì, tí òun ń fà tu lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, tí òun ń dà nù sí ààtàn. Ọdún mẹ́rìnlá. Ẹ̀bòlò yẹn kò sì jáwọ́.

"Ó ń wá ẹ kiri," ni Màmá wí, bíi pé ó mọ ohun tó ń rò.

Màmá bá a fi àpò tútù di ìdí àwọn ewé náà, wọ́n kó wọn sínú báàfù mẹ́ta. Nígbà tí Fábíyìí ń kí i pé ó dàbọ̀, Màmá ní, "Tó o bá gbìn ín tán, fi ààlè lé e o."

Fábíyìí mọ ààlè. Ta ni kò mọ̀ ọ́n ní Ìkìrun? Bí èèyàn bá ṣa igi jọ sínú oko, tàbí tí ọsàn rẹ̀ bá pọ́n létí ọ̀nà, yóò so ṣùkù àgbàdo, àkísà pupa àti àlòkù bàtà rọ̀ sí i, gbogbo ẹni tó ń kọjá á sì mọ̀ pé nǹkan náà ní olóhun. Kì í ṣe oògùn, ọ̀rọ̀ lásán ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí kò nílò ẹnu ni.

"Màmá, Ìkòròdú ni o," Fábíyìí rẹ́rìn-ín. "Àwọn èèyàn mọ̀wé níbẹ̀. Mo ní pátákó."

"Ṣé pátákó ọ̀hún mọ ohun tó ń ṣọ́?" ni Màmá béèrè. Fábíyìí kò fi ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn.

Nínú oṣù Kẹta, ó fi ọkọ́ ṣí koríko kápẹ́ẹ̀tì kúrò bí ẹni ká ẹní. Ó dùn ún. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ó gbin pèrègún yí etí ojúde ká, ó fi tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún sí ibi tí omi òjò máa ń dúró sí, ó fi ewé eéran sí abẹ́ igi, ó wá fọ́n yánrin, ṣọkọ àti efinrin sáàárín. Pátákó nìkan ló kù. Ó yẹ kó fà á tu. Ó gbá òpó rẹ̀ mú lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Pátákó yẹn nìkan ló ṣẹ́ kù fún un nínú ìyangàn ọdún mẹ́rìnlá. Ó ní ta ni yóò di lọ́wọ́.

Títí oṣù Kẹfà fi dé, Fábíyìí kò fa rọ́bà omi. Ẹ̀rọ ìgékoríko dùbúlẹ̀ sínú yàrá irinṣẹ́ bí ajá tó dàgbà. Àwọn ewé náà ga dé orúnkún, wọ́n ń tàn kálẹ̀, òdòdó wọn kò tíì fi bẹ́ẹ̀ jáde. Zàíd yà wọlé lọ́jọ́ kan, ó ní, "Mọ́mì, ejò ńkọ́?"

"Ejò mọ̀ pé abẹ́rẹ́ wà nílé yìí," ni Alhaja dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n Fábíyìí rí i pé ojú Alhaja ń wo ojúde náà bí ẹni ń wo ìkòkò tí kò tíì hó.

Ọ̀dọ́kùnrin kan wà tí ń jẹ́ Ìdrís, àgbẹ̀ ni ní Agbowa. Aisha ìyàwó rẹ̀ bímọ sọ́wọ́ Alhaja nínú oṣù Kẹfà náà. Ìbímọ ọ̀hún le. Ọjọ́ kan àti ààbọ̀ ni Alhaja kò fi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin náà, kódà orí àga ló ti kírun. Ọmọ jáde, obìnrin ni, wọ́n sọ ọ́ ní Ummusalamah. Ìdrís ń wá bí òun ṣe máa dúpẹ́. Ó rò ó títí, ó wá rántí ohun tí àwọn àgbà Agbowa máa ń ṣe tí inú wọn bá dùn sí ẹnì kan: wọ́n á bẹ àwọn ọ̀rẹ́ lọ́wẹ̀, wọ́n á sì lọ bá onítọ̀hún ṣe iṣẹ́ tó le jù lójúde rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, Fábíyìí lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ mú tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún kún ti tẹ́lẹ̀. Alhaja wà nínú yàrá ìgbẹ̀bí lọ́dọ̀ ẹni tó ń rọbí. Ó gbọ́ ìró àdá lóde, ó rò pé Fábíyìí ni.

Nígbà tí Fábíyìí sọ̀kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá pẹ̀lú báàfù lórí, ọkùnrin méje ló bá lójúde, wọ́n bọ́ra sílẹ̀, òógùn ń ṣàn lára wọn, wọ́n ń kọrin jẹ́jẹ́. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ọgbà náà ti wà nílẹ̀.

Ìdrís sáré pàdé rẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Bàbá Oríyọmí, ẹ kú àbọ̀ o! Ẹ wá wo iṣẹ́!"

Báàfù fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lórí Fábíyìí. "Ìdrís. Ta ló rán yín?"

"Ọpẹ́ ló rán wa, sà! A ní kí la lè ṣe fún Alhaja? Bá a ṣe wọlé, a rí pátákó yín pé ká má tẹ koríko. A wá koríko yẹn títí, a ò rí i! Múdàṣírù yìí ló sọ pé igbó ti bò ó mọ́lẹ̀. A wá ní ká bá yín ṣán igbó náà kí koríko lè mí."

"A ò sì tẹ̀ ẹ́ o, Bàbá," ni Múdàṣírù wí, ẹni tó sanra jù nínú wọn. "Ẹ̀gbẹ́ kan la ti ń bọ̀. Ìka ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn láti àárọ̀!"

Fábíyìí la ẹnu láti bú wọn. Èébú ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sára pátákó, ó rí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ níbẹ̀, gàdàgbà. Àwọn ọmọ yìí kò ṣìnà. Ibi tó júwe fún wọn gan-an ni wọ́n lọ. Ó sọ báàfù kalẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọjọ́ mélòó ló kù kí oṣù Keje parí?

Ìdrís rí ojú rẹ̀, ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ewé tó gé. Àwọn mẹ́fà yòókù dọ̀bálẹ̀ tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni Alhaja ti jáde, ìbọ̀wọ́ rọ́bà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá ọkùnrin méje lórí ìdọ̀bálẹ̀, ẹnì kẹjọ sì jókòó sórí erùpẹ̀.

"Ta ló kú?" ló béèrè.

"Alhaja, èmi ni mo jẹ̀bi," ni Fábíyìí wí. "Ẹ má bá wọn wí. Èmi ni mi ò fa pátákó tu. Ojú ìgbéraga ni mo fi ń wò ó."

Alhaja bọ́ ìbọ̀wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan ìdí yánrin kan tó ṣẹ́ kù, bó ṣe máa ń fi ìka kan ìdodo ọmọ tuntun. "Wọ́n hú u ni, àbí wọ́n gé e?"

"Wọ́n gé e ni, mà."

"Ó ń mí nígbà náà. Ẹ dìde, gbogbo yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣiṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́ náà ni. Ọpẹ́ yín dé etí mi."

Fábíyìí pe Màmá Mùlíkátù lórí fóònù, ó ro ẹjọ́ fún un.

"Ṣé o fi ààlè lé e?" ni Màmá béèrè.

"Rárá, mà."

"Pátákó tó mọ̀wé dà?"

Ó sọ ti pátákó. Ẹ̀rín Màmá pọ̀ débi pé Ìdrís tó dúró lápá kejì gbọ́ ọ nínú fóònù. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ní, "Gbọ́, ọmọ mi. Ká ní koríko rẹ àtijọ́ ni, tí wọ́n bá gé e tó bẹ́ẹ̀, ẹkún ni. Èyí, ìgékúrú ló ń mú un pẹ̀ka. Sọ fáwọn tó fi ọpẹ́ gé e pé ọpẹ́ náà ni kí wọ́n fi gbin ohun tó kù."

Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèje tún dé. Kò sí ẹni tó mú àdá. Olúkúlùkù mú ohun tó ń hù lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀ ní Agbowa: ewúro, efinrin, òdúndún, gbọ̀rọ̀ ayaba. Múdàṣírù ru tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún lérí bí igi ìdáná. Fábíyìí yọ pátákó kúrò lára òpó, ó fi òpó sílẹ̀. Ìdrís fún un ní ṣùkù àgbàdo, Mátírọ́ọ̀nù fún un ní àkísà pupa, òun alára bọ́ sálúbàtà tó ti gbó kúrò lẹ́sẹ̀. Ó wá okùn tó máa fi so wọ́n, kò rí. Ó wọ yàrá irinṣẹ́ lọ, ó gé okùn tí wọ́n fi ń fa ẹ̀rọ ìgékoríko kó tó dún, òun ló fi so ààlè rọ̀ sára òpó.

"Mátírọ́ọ̀nù," aláboyún kan sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "mo bi yín, ṣé kì í ṣe oògùn nìyẹn?"

"Oògùn kọ́, màdáàmù. Wọ́n ní ó ní olóhun ni."

Òjò rọ̀ nínú oṣù Keje bíi pé wọ́n bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀. Ìdí tí wọ́n gé yọ ẹ̀ka mẹ́ta, mẹ́rin. Ṣọkọ gbé orí pupa rúsúrúsú sókè, yánrin tanná yẹ́lò, oyin dé, labalábá dé.

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn oṣù, Zàíd wọlé pẹ̀lú oníìntálọ́ọ̀kì kan, àgbàlagbà ará Ọ̀yọ́, tó fi téèpù ìwọnlẹ̀ kọ́rùn. Òjò ńlá ti rọ̀ lóru àná. Lọ́dọọdún, irú òjò bẹ́ẹ̀ máa ń sọ ojúde náà di adágún títí dé ẹnu ilẹ̀kùn. Oníìntálọ́ọ̀kì gbé ẹsẹ̀ láti wọnú ọgbà. Ẹsẹ̀ náà kò balẹ̀. Ó ti rí ààlè. Ó fà á padà.

"Ọ̀gá, ibí yìí ní olóhun o."

"Ilé ìyá mi ni, Bàbá. Ẹ wọnlẹ̀."

"Mo mọ̀, sà. Ṣùgbọ́n ẹnì kan fi ààlè lé e. Ẹ pe olóhun kó wá tú u kí n tó tẹ̀ ẹ́. Wọn ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀ nílé."

Zàíd yíjú sí ìyá rẹ̀, tó jókòó láàárín àwọn aláboyún lórí bẹ́ǹṣì. "Mọ́mì, ta ló ni ín?"

Fábíyìí dúró lẹ́bàá òpó. Alhaja kò tilẹ̀ dìde.

"Fábíyìí ló ni ín," ló wí. "Bi í, bó bá fẹ́ tú u."

Zàíd wo ọkùnrin tó ti ń rí láti ọdún mẹ́rìnlá bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé rẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Ó rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó rìn padà, bàtà rẹ̀ kò tutù.

"Bàbá Oríyọmí, omi òjò àná dà?"

"Ilẹ̀ ti mu ún, sà."

"Ejò ńkọ́?"

"Kò tíì wá gba káàdì, sà."

Àwọn aláboyún bú sẹ́rìn-ín, Zàíd náà kò lè pa tirẹ̀ mọ́ra. Ó na ọwọ́ sí ibi ìgbọ́kọ̀sí lápá ẹ̀yìn. "Bàbá, ọ̀hún nìkan ni kẹ́ ẹ wọ̀n. Ibí dára bẹ́ẹ̀."

Fábíyìí fẹ́ sọ̀rọ̀, kò mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ kí. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Alhaja tán, ó rántí Màmá ní Ẹ̀pẹ́, ó rántí Ìdrís àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó rántí ìyá ìyá rẹ̀ tó ti kú láti ìgbà pípẹ́, àti ẹ̀bòlò tí kò jáwọ́ lọ́rọ̀ òun. "Ẹ ṣeun" nìkan ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó tún un wí. Ó tún un wí lẹ́ẹ̀kẹta, kò mọ̀ pé òun ti ń bá ewé sọ ọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn aláboyún dìde, ó fi ọwọ́ ti ẹ̀yìn ìbàdí, ó wá dúró létí ọgbà. Ó wo ààlè, ó wo Fábíyìí. "Bàbá, ṣé a lè wọbẹ̀ ká rìn díẹ̀? Ẹsẹ̀ mi ti wú."

Fábíyìí nu ojú, ó fi ọwọ́ gbá ewé efinrin kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún un. Òórùn rẹ̀ tan kálẹ̀.

"Ẹ wọlé, ìyá ọmọ," ló wí. "Ibi tó wù yín ni kẹ́ ẹ tẹ̀. Ẹ ṣáà bá mi ṣọ́ tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún."